Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Hatchback Kékeré Asáré: Nígbà tí Agbára Rẹ̀ Bá Ń Sọnù

Ó di ọdún kọkànlá báyìí tí mo ti ń wa ọkọ̀ kan náà, hatchback kékeré (ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè) onígíà ọlọ́wọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, tí ó sì ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lo agbára èéfín láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kìlómítà 38,000 ni ó ti rìn nígbà tí mo rà á. Ó ti kọjá 210,000 báyìí. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni tó ni irú rẹ̀ kì í bi mí léèrè nǹkan, ìbéèrè wọn kì í sì yàtọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti ra ẹ̀yà ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó wá béèrè. Mo kọ àwọn ìdáhùn náà síbí kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà wọ́n kí ó tó náwó.

Ọkọ̀ mi kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí táyà bá tutù. Ẹ yọ fìlítà afẹ́fẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ó ti dí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí inú ìdérí ojú epo: bí octane epo tí ẹ ń rà (nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè kọ̀ láti gbiná ṣáájú àkókò) bá kéré sí iye tó wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò mú kí pílọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣáná, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa dún kọ́kọ́kọ́, agbára yóò sì dín kù. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bíréèkì tó há lè máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Táyà iwájú mi ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú nìkan.

Aláínmẹ́ǹtì (bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe tọ́ sí) ni, ṣùgbọ́n ẹ yẹ búùṣì (rọ́bà tó wà níbi tí apá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ ara rẹ̀) wò ṣáájú. Bí búùṣì bá ti jẹ, aláínmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe lónìí kò ní pẹ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra òmíràn, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT lára táyà náà: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Bí mo bá tẹ iná dáadáa, sítíárì máa ń fẹ́ já gbà lọ́wọ́ mi sí apá kan. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ iná gan-an nìkan ni, ìwà irú ọkọ̀ yìí nìyẹn. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń fa ọkọ̀, àwọn náà ló sì ń darí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣáfútù tó lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti èyí tó lọ sí tòsì kò gùn dọ́gba, nítorí náà bí agbára bá dé lójijì, ẹsẹ̀ kan á máa ti sítíárì ju èkejì lọ. Ẹ di sítíárì mú dáadáa, kí ẹ sì tẹ iná díẹ̀díẹ̀. Bí fífà náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ le sí i láìpẹ́ yìí, ẹ yẹ ìjókòó ẹ́ńjìnnì wò. Bí ó bá ń fà nígbà tí ẹ kò tẹ iná rárá, ọ̀rọ̀ táyà tàbí ti aláínmẹ́ǹtì ni.

Iná ọ́ìlì pupa tàn, ṣùgbọ́n kò ju oṣù mẹ́fà lọ tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Ṣé mo lè wà á délé?

Ẹ kò lè wà á délé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà níbi tí ẹ wà.

Iná yẹn kò sọ pé ọ́ìlì ti gbó. Ohun tí ó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀. Èyí ni ìbéèrè tí mo ti dáhùn jù, ó sì ń bà mí nínú jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó béèrè rẹ̀ ti wa ọkọ̀ náà délé kí wọ́n tó pè mí. Irin inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó sì ń léfòó sí. Bí ọ́ìlì kò bá dé ibẹ̀, irin á máa ha irin.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké onítọ́bò máa ń mu ọ́ìlì, àwọn kan sì ń mu ju òmíràn lọ. Nítorí náà, ẹ má dúró de iná. Ní gbogbo ìgbà kejì tí ẹ bá ra epo, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ fa géèjì ọ́ìlì jáde, kí ẹ nù ún, kí ẹ tún tì í bọ̀ ọ́ kí ẹ tó kà á. Ẹ kọ iye tí ẹ fi kún un sílẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà ọjọ́ náà. Ìwé kékeré tí mo ń kọ tèmi sí ti wúlò fún mi ju irinṣẹ́ èyíkéyìí tí mo ní lọ. Kí nọ́ńbà kíki ọ́ìlì jẹ́ 5W-30 nìkan kò tó. Àmì ìfọwọ́sí tó wà lára agolo gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ má sì ṣe tẹ iná dé ìsàlẹ̀ nínú gíà gíga nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, torí níbẹ̀ ni epo ti lè gbiná ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì onítọ́bò, tí ó sì lè fọ́ písítìnì. Èyí wà lára ohun tí wọ́n ṣe ọ̀wọ́ ọ́ìlì API SP tó jáde ní 2020 fún.

Ní òwúrọ̀ ọkọ̀ mi máa ń gbọ̀n, iná ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú, kóòdù P0302 (nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi pamọ́) sì jáde. Mo da oògùn ìfọ-ínjẹ́kítọ̀ (oògùn tí ń fọ ẹnu tí epo ń gbà tú sínú ẹ́ńjìnnì) sínú epo, kò yí padà.

P0302 ń sọ pé epo kò jó dáadáa nínú sílíńdà kejì. Ẹ yọ kọ́ìlì sílíńdà kejì (ẹ̀yà tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná mànàmáná), kí ẹ fi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀kẹta, kí ẹ sì tan ọkọ̀. Bí kóòdù náà bá di P0303, kọ́ìlì náà ló bàjẹ́. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pílọ́ọ̀gì. Títí tí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà ní eré, nítorí pé iná tó ń ṣẹ́jú túmọ̀ sí pé epo tí kò jó ń gba páìpù èéfín jáde, ó sì lè ba ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín mọ́ jẹ́.

Bí kọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì kò bá jẹ̀bi, ẹ ronú nípa ìdọ̀tí dúdú tó máa ń dì mọ́ ẹ̀yìn fáàfù ìwọlé afẹ́fẹ́. Ìmọ̀ràn pé kí ẹ da oògùn sínú epo wá láti ayé àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Golf GTI àkọ́kọ́ tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1976 kò ní tọ́bò, ẹ̀yìn fáàfù ni epo rẹ̀ sì ń tú sí, tí epo náà ń fọ fáàfù bí ó ti ń kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, inú sílíńdà gan-an ni epo ń tú sí, kò kan ẹ̀yìn fáàfù rárá, nítorí náà oògùn yòówù tí ẹ bá dà sínú epo kò lè débẹ̀. Àwọn kan, irú bíi Toyota GR Yaris, ní ínjẹ́kítọ̀ ní ibi méjèèjì, èyí tó ń dín ìṣòro náà kù. Fún àwọn yòókù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú páìpù ìwọlé afẹ́fẹ́, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ́ èèpo walnut lílọ̀ lu ìdọ̀tí náà, fáàfù sílíńdà tí wọ́n ń fọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé. Wọ́n ṣe tèmi ní kìlómítà 96,000, gbígbọ̀n òwúrọ̀ sì dáwọ́ dúró.

Ọkọ̀ mi ń lọ dáadáa bí ó bá tutù, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná tí mo ń gun òkè, agbára á lọ lójijì, P0299 á sì jáde. Wọ́n ní tọ́bò ti kú. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ má tíì pààrọ̀ ohunkóhun. P0299 kò sọ ju pé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò tì wọlé kò tó iye tí kọ̀ǹpútà béèrè. Kò dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bá àìsàn yìí jà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 131,000. Ní òwúrọ̀ ọkọ̀ náà a máa sáré bí ẹṣin. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, bí mo bá ń gun òkè nínú gíà kẹrin, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé ẹnìkan di ìdí rẹ̀ mú. Bí mo bá pa á tí mo tún un tàn, agbára á padà wá. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Ọjọ́ méjì ni ìwòsàn yẹn fi dúró. Ẹnì kejì pààrọ̀ fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tọ́bò sílẹ̀, kò sì yí nǹkan kan padà. Ẹnì kẹta ní tọ́bò ni. Mo tú páìpù ẹnu tọ́bò fúnra mi, mo fi ìka gbọn irin inú rẹ̀ wò: ó mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kò mì síwá-sẹ́yìn rárá, etí abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ kò sì ha ara ilé rẹ̀. Tọ́bò tó wà ní irú ipò yẹn kò tíì kú. Mo kọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ èéfín ìdánwò sínú àwọn páìpù láti mọ̀ bóyá ibì kan ń jò. Èéfín kò jáde níbì kankan, mo sì gbà pé kò sí ibi tó ń jò. Ìgbàgbọ́ yẹn ṣì mí lọ́nà fún oṣù mẹ́ta.

Ohun tó là mí lójú ni nọ́ńbà. Mo so skánà mọ́ ọkọ̀, ọ̀rẹ́ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ó ń kà á, mo sì gun òkè náà títí agbára fi lọ. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní ẹnu ọ̀nà sọ pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì sọ pé díẹ̀ ló dé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ wo páìpù èéfín, ẹnu rẹ̀ dúdú kirikiri, nítorí pé kọ̀ǹpútà ń tú epo fún afẹ́fẹ́ tí kò dé. Bí afẹ́fẹ́ púpọ̀ bá wọlé tí díẹ̀ sì dé, ojú ọ̀nà ló ti sọnù.

Mo wá ṣe ìdánwò mìíràn. Ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Mo fi ìdérí tó ní ẹnu ìfẹ́ afẹ́fẹ́ bíi ti táyà dí ẹnu tọ́bò, mo ṣí ìdérí ọ́ìlì kí afẹ́fẹ́ tó bá gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá lè rí ọ̀nà jáde, mo sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ní ìdíwọ̀n, mi ò jẹ́ kí ó kọjá bar 1 (bar ni ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí epo fi ń ti nǹkan). Mo da omi ọṣẹ sára gbogbo họ́òsì. Ní bar 0.3, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó sún mọ́ 0.8, mo gbọ́ ṣíì lábẹ́ intercooler, ẹ̀rọ tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù. Họ́òsì ìsàlẹ̀ ti ya ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ní abẹ́ kílípù gan-an, ní apá tó kọjú sí ilẹ̀. Ìkùukùu ọ́ìlì tó máa ń gba inú páìpù náà ti sọ rọ́bà rẹ̀ di rírọ̀. Bí ó bá tutù, rọ́bà á le, yíya náà á padé. Bí ó bá gbóná tí afẹ́fẹ́ sì tì í, á ya ẹnu. Agbára tí wọ́n fi ń fẹ́ èéfín ìdánwò kéré púpọ̀ sí èyí tó lè ṣí i, ìdí nìyẹn tí ìdánwò àkọ́kọ́ kò fi rí i. Eruku tó pò mọ́ ọ́ìlì sì wà níbẹ̀ látìgbà pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i, tí mo nù ún kúrò láì bi ara mi pé níbo ni ọ́ìlì náà ti wá.

Họ́òsì kan àti kílípù méjì ló wò ó sàn, ọdún kẹrin sì rèé tí kò tíì padà. Nítorí náà, ìdánwò yòówù tí wọ́n bá ṣe fún yín, ẹ bi wọ́n bóyá ipò tí àìsàn náà ti ń farahàn ni wọ́n fi ọkọ̀ náà sí. Bí orí òkè ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, títan ẹ́ńjìnnì lójú kan kò lè fi í hàn.

Èwo ni kí n má ṣe fọwọ́ kàn fúnra mi?

Páìpù epo tó lọ sí ínjẹ́kítọ̀ ni àkọ́kọ́. Agbára epo inú rẹ̀ lè ju bar 200 lọ, ó lè gún awọ ara wọlé. Bíréèkì ni èkejì, àfi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti kọ́ yín lójúkojú. Ẹ kàn rántí pé kí wọ́n máa pààrọ̀ omi bíréèkì ní ọdún méjì-méjì tàbí bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí, nítorí pé ó máa ń fa omi mọ́ra: ìlànà DOT 4, irú omi bíréèkì kan, béèrè pé kí ó tó 230°C ó kéré tán kí ó tó hó nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n 155°C péré ni ó béèrè lọ́wọ́ èyí tó ti fa omi mọ́ra, bíréèkì ọkọ̀ tí wọ́n ń sá ní eré sì máa ń gbóná gan-an. Nígbà tí ẹ bá ń wá mẹkáníìkì, ẹ bi í pé ìdánwò wo ni yóò ṣe. Bí orúkọ ẹ̀yà tí ẹ ó rà bá jẹ́ ìdáhùn rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń mú kí fáàfù ṣí kí ó sì padé ní àkókò tó yẹ. Bí ó bá ń dún kìrìkìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ẹ wo ọ́ìlì, kí ẹ sì ṣètò láti jẹ́ kí wọ́n wọn ṣéènì náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ìró náà kò bá dákẹ́, ẹ pa ọkọ̀, ẹ má tún un tàn láti gbọ́ ọ dáadáa tàbí láti jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn gbé e lọ.