Ẹ má di àwọn àṣìṣe yìí mọ́ ẹrù láti Òṣogbo lọ sí Òkè Kẹ́ńyà

Ọmọkùnrin tó ń mú wa gun àpáta kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Èmi ti lé ní àádọ́ta. Nígbà tó ní, “Mzee, ẹ jẹ́ ká padà,” ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ta ni ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀? Mzee ni àwọn ará Kẹ́ńyà ń pe àgbàlagbà, bí àwa ṣe ń pe èèyàn ní Bàbá. Láti ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni orí mi ti ń wú. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, orí mi kò wú mọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti ń fọ́ láti òru, mi ò sì sọ fún ẹnì kan.

Ohun tó dá mi padà lórí Nelion, ọ̀kan lára àwọn orí Òkè Kẹ́ńyà, láti ilé mi ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, ni mo ti gbé e lọ. Ẹni tó bá ń gbèrò irú ìrìn àjò yìí, kó gbọ́ ohun tí mo ṣe, kó má ṣe é.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tó bá mọ òkè náà ti mọ gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ tó lókìkí jẹ́ mẹ́ta. Lenana ga ní mítà 4,985, ẹsẹ̀ lásán la fi ń gùn ún. Nelion (mítà 5,188) àti Batian (mítà 5,199) kò gba ẹsẹ̀ lásán, àpáta gàgàrà ni, okùn la fi ń gùn wọ́n. Lọ́dún 1899 ni Halford Mackinder àti àwọn amọ̀nà méjì láti òkè Alps, César Ollier àti Joseph Brocherel, kọ́kọ́ dé orí Batian. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ẹlòmíràn tó tún débẹ̀. Nítorí náà, amọ̀nà tó mú ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ yín dé Lenana lè má mọ nǹkan kan nípa okùn. Ẹ má bèèrè pé “Ṣé o mọ Òkè Kẹ́ńyà?” Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti mú àlejò dé orí Nelion, kí ló máa ṣe bí òjò bá ká a mọ́ àárín àpáta, èèyàn mélòó ló sì máa so mọ́ okùn ara rẹ̀. Bó bá lé ní méjì, ẹ wá ẹlòmíràn.

Oṣù tí ẹ máa lọ náà ṣe pàtàkì. Ìlà ìdajì ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara òkè yìí kọjá, oòrùn sì ń yí ojú padà lára rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ tiwa níbí, ìhà gúúsù ni oòrùn wà, àpáta Nelion á gbẹ. Ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ìhà àríwá Batian ló máa gbẹ, yìnyín á sì bo ìhà kejì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, Batian ni kó bèèrè, kó má fi owó Nelion sílẹ̀.

Èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ Ìdànrè. Mo ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè tó ju ẹgbẹ̀ta lọ láìsinmi, mo sì gbà pé mo ti múra tán. Àpáta Ìdànrè dára fún ẹsẹ̀, ó sì dára fún ojú. Granite ni. Ti Kẹ́ńyà jẹ́ syenite, ẹbí rẹ̀ ni, ó jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun òkè iná tó ti kú tipẹ́, ó sì ń gbá ọwọ́ mú bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo gíga: Chappal Waddi ní Tàràbà, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Met Station, ibi tí a ti sun oorun àkọ́kọ́, jẹ́ mítà 3,050. Ìyẹn ni pé lálẹ́ ọjọ́ kìíní, kí n tó fọwọ́ kan àpáta kankan, mo ti ga ju ibikíbi tí ẹsẹ̀ mi lè débẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mi. Lórí Batian, afẹ́fẹ́ tí ẹ máa rí mí kò ju ìdajì èyí tí à ń mí ní Òṣogbo lọ, bó bá tiẹ̀ jù ú, díẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ líle kò ní í ran yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ọjọ́ ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí àwọn dókítà òkè ń sọ ni pé láti mítà 3,000 sókè, ibùsùn òní kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ, kí èèyàn sì sinmi ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èmi, nítorí owó, mo ra ètò ọjọ́ péréte. Met Station, ó di Mackinder's Camp ní mítà 4,200, ó di Austrian Hut ní 4,790. Ẹ ṣírò rẹ̀. Owó tí mo fi pamọ́ nípa yíyọ oorun méjì kúrò ni mo pàdánù pẹ̀lú gbogbo owó yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí jẹ́nótáìpù, nítorí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní kí ọkọ àti ìyàwó mú èsì wá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí AS. Ẹni tó jẹ́ AS lè gbé Òṣogbo di arúgbó láìmọ̀ ọ́n lára. Ní ibi gíga, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dí ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀ nínú ẹ̀yà ara kan tó wà ní òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn tí ara wọn le koko. Ẹ ṣe àyẹ̀wò, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, ẹ sì sọ fún amọ̀nà. Bí ìhà òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín lókè, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ti SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òkè yẹn wà níbẹ̀.

Dókítà yẹn náà ni kẹ́ ẹ bi nípa Diamox, oògùn tí wọ́n ń lò nítorí àìsàn ibi gíga. Bí Septrin tàbí Fansidar bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún un, ìran kan náà ni wọ́n. Ẹ má gbé àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ lọ, ẹ má sì lo oògùn oorun tàbí tramadol, ńṣe ni wọ́n ń fa èémí sẹ́yìn. Ibà ńkọ́? Ẹ̀fọn tó jẹ yín ní Òṣogbo lè hàn lára yín lórí òkè, ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ yín níbẹ̀, tí oúnjẹ ń kọ̀ yín, òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bàbá bàbá mi, adẹ́mu ni. Mo rò pé ìyẹn á jẹ́ àǹfààní fún mi. Lọ́jọ́ ìkẹrin, bí a ṣe kọjá yìnyín Lewis tí ilẹ̀ ń mọ́, mo dì mọ́ àpáta, mo ń fi apá fa ara mi bí ẹni ń fa korobá lókè kànga. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí apá mi fi le bí igi, ìka kò sì ká mọ́. Ọmọ náà wo ìsàlẹ̀ láti òkè, ó ní, “Mzee, ẹ wo ẹsẹ̀ yín.” Mo wò. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ mi lè wọ̀ dáadáa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mi ò rí i nítorí òkè ni ojú mi wà. Igbà ló ń gbé adẹ́mu ró. Okùn àpáta kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ sókè, ẹsẹ̀ ló ń gbé yín, okùn kàn ń dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀.

Ká tó gbéra ni ọmọ náà ti yẹ kókó okùn mi wò, kókó tó rí bí 8, ó fọwọ́ fà á. Ó wá ní kí n yẹ tirẹ̀ wò. Ojú tì mí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi ni n óò wá yẹ okùn amọ̀nà wò? Mo mi orí, mo ní ó dáa. Ó dúró, kò lọ, títí mo fi fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe irú ìtìjú yẹn.

Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ẹ má rò pé iṣẹ́ ti parí. Orí okùn lẹ máa fi ọ̀pọ̀ wákàtí sọ̀kalẹ̀ láti Nelion, ó sì ti rẹ̀ yín. Ẹ rí i pé kókó wà ní ìparí okùn kí ẹnikẹ́ni tó yọ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn kan ti yọ̀ kọjá ìparí rẹ̀.

Àwọn kéékèèké: aṣọ òwú máa ń mu òógùn, ó sì ń tutù, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Ẹ mú káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání, wọ́n máa bèèrè rẹ̀ ní Nairobi. Ẹ ka ìwé inṣọ́ránsì yín, ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó fún ẹni tó bá fi okùn gun òkè.

Alẹ́ ọjọ́ tí a padà, ní Mackinder's Camp, orí fífọ́ náà ti lọ bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ gbá a. Mo jẹ abọ́ ugali méjì. Ọmọ náà jókòó tì mí.

“Mzee, ìgbà wo lorí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín?”

Mo ní, “Láti òru àná.”

Kò bá mi jà. Ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó kọ ọ́ síbẹ̀.