Bí Mo Ṣe Kan Tábìlì Iṣẹ́ Tí Kì í Mì, Láìná Owó Rẹpẹtẹ

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó ń fi omi tútù mu gaàrí Ìjẹ̀bú lè má mọ ohun tí ẹ̀gẹ́ ń fi ojú irin rí. Omi ẹ̀gẹ́ tó bá kù sára ẹ̀rọ di ọjọ́ kejì ti kan, irin ló sì máa ń jẹ. Ó ń jẹ bóòtù, ó ń jẹ ṣáàfù, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń yí nínú ẹ̀rọ, ó ń jẹ́ kí bẹ́ríìn, òrùka irin tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, lẹ̀ mọ́ ṣáàfù débi pé àfi òòlù àti agbára ni yóò yọ ọ́. Àwọn ìyá tó ń yan gaàrí kì í sì í lè dúró. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó lónìí kò ṣeé fi pamọ́ di ọ̀túnla. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ dé, kíá ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Nítorí náà, fáìsì, irin ẹlẹ́nu méjì tó ń di nǹkan mú pinpin kí a lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ni igi lẹ́yìn ọgbà mi, tábìlì tí fáìsì jókòó lé sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí tábìlì bá ń mì, púpọ̀ nínú agbára òòlù inú mímì yẹn ló ń parí sí, bẹ́ríìn kò ní í kúrò, ọwọ́ á sì máa dun ènìyàn. Ayùn irin á máa fo lórí irin, ojú ibi tí a gé á wọ́. Mo ti bá tábìlì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mo sì ti pinnu pé bí mo bá ní ìsọ̀ tèmi, ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe nìyẹn kí n tó ra irinṣẹ́ míì.

Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo ronú sí ohun tí iṣẹ́ máa ń fi ojú tábìlì rí. Òòlù ń lù ú wálẹ̀. Ayùn irin ń tì í lọ, ó ń fà á bọ̀. Sípánà gígùn ń fẹ́ yí i po. Ti òòlù kò le, ẹsẹ̀ tó bá ki ti tó o. Ìtìlọ-ìfàbọ̀ àti yíyí ni wọ́n ń tú tábìlì ká. Igi olówó ńlá nìkan kò sì lè dá wọn dúró. Bí a ṣe so ó ni yóò dá wọn dúró.

Mo lọ bá wẹ́dà kan ní àdúgbò. Irin áńgù ló fẹ́ fi jó o, owó tó bù lé e sì tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo fi ra fáìsì fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ta tábìlì tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n tábìlì ìjẹun àti tábìlì ọ́fíìsì ni tiwọn, wọn kò ṣe é fún òòlù. Mo yan igi. Yàtọ̀ sí owó, igi máa ń gba ìró òòlù mọ́ra, kì í dún gbàǹgàngbàǹgàn létí ènìyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ bíi ti irin, bí apá kan rẹ̀ bá sì bàjẹ́, èmi fúnra mi lè pààrọ̀ rẹ̀.

Igi kì í wọ́n wa níbí. Igbó Ọmọ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ láti 1925 kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ agbégilódò kò sì ṣàjèjì lójú títì wa. Inú igbó yẹn ni mẹ̀línà pọ̀ sí, igi tí ìjọba gbìn lọ súà nítorí ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe bébà ní Ìwòpin. Mẹ̀línà kò wọ́n, ó sì rọrùn láti gé, àmọ́ ó fúyẹ́. Arère tún fúyẹ́ jù ú lọ, èékánná lásán lè ha á. Afàrà dára fún àga àti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ni ìrókò tàbí igi àpá, àwọn igi tó wúwo, tí ikán kì í sáré sí. Owó wọn ní sọ́mìlì ló ń dẹ́rù bà mí.

Bàbá onípákó kan ló là mí lóye. Mo ń wo ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo ń fọwọ́ pa á, ni wọ́n bá pè mí.

“Ọmọ mi, igi tútù nìyẹn o. Bí o bá kàn án báyìí, ọyẹ́ á wá bá ọ fà á.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Kí ni kí n ṣe báyìí?”

“Lọ bá àwọn tó ń wó ilé. Igi tó ti gbẹ kí wọ́n tó bí ọ wà lọ́wọ́ wọn.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n bá wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní ìlú wa, igi tó ru àjà àti èyí tó ru òrùlé máa ń jáde ní odindi. Láyé ìgbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn, ìrókò àti àpá kò tíì di ohun ọ̀ṣọ́ olówó, wọ́n fi ń kọ́lé ni. Igi àlòkù yìí ni mo rà, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti mẹ̀línà tútù lọ. Ó dúdú, ó rí játijàti, eruku àti ilé aláǹtakùn bò ó. Nígbà tí mo fi ràndà kan ojú rẹ̀, pupa ìrókò yọ. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun méjì ni kí ẹni tó bá fẹ́ ra igi àlòkù ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni ìṣó tó kú sínú igi, tí orí rẹ̀ ti jẹrà, tí ojú kò lè rí mọ́. Mo yọ òòfà ẹ̀yìn sìpíkà àtijọ́ kan, mo so okùn mọ́ ọn, mo ń fà á lọ lórí igi díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá ti fà mọ́ igi, ìṣó wà níbẹ̀. Ìkejì, òkúta funfun kan máa ń wà nínú ìrókò míì, tí igi náà ṣe fúnra rẹ̀ síbi tó ti fara gbọgbẹ́ nígbà tó wà láàyè. Òòfà kò lè rí ìyẹn. Bí ayùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í han lójijì, tí kò sì wọlé mọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ gé e níbòmíì.

Ìwọ̀n gíga tábìlì kì í ṣe ohun tí à ń wò lára tábìlì ẹlòmíì. Ìgúnpá ẹni ni à ń wò. Ẹnu fáìsì gbọ́dọ̀ bá ìgúnpá dọ́gba nígbà tí ènìyàn bá dúró ṣánṣán, kí apá lè máa ti fáìlì lọ gbọọrọ láìtẹ ẹ̀yìn. Láti ilẹ̀ dé ìgúnpá mi jẹ́ íǹṣì 42, fáìsì mi ga ní íǹṣì 8, nítorí náà tábìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 34. Gígùn rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6. Ìbú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2, torí pé ohun tó bá wà níbi tí ọwọ́ kò dé, erùpẹ̀ ni yóò jókòó síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo gé, íǹṣì 4 sí 4. Igi ìdábùú òkè jẹ́ 2 sí 6, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 2 sí 4. Ibi tí igi ìdábùú ti pàdé ẹsẹ̀ ni mo ti lo àkókò jù. N kò kàn fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ra. Mo fi ayùn àti ṣísẹ́ẹ̀lì yọ inú ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n íǹṣì 2, kí igi ìdábùú lè wọ inú rẹ̀ tán, kí ó sì jókòó lórí èjìká igi. Báyìí, ẹrù orí tábìlì ń gba ara igi lọ sílẹ̀, kò sí lọ́rùn bóòtù. Iṣẹ́ bóòtù kò ju pé kó fún wọn pọ̀. Bóòtù tí sípánà 17 ń yí, tí à ń pè ní bóòtù 17, ni mo lò, méjì ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́ṣà tó fẹ̀ sí ìhà méjèèjì kí nọ́ọ̀tù má baà rì sínú igi. Ìṣó kò yẹ fún irú iṣẹ́ yìí rárá. Bí tábìlì bá ń mì ní ojoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ìṣó á máa yọ.

Kí n tó fún nọ́ọ̀tù pinpin, mo fi okùn wọn igun sí igun lórí férémù náà, lẹ́yìn náà mo wọn igun kejì sí igun kejì. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, férémù gún régé. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ fi òòlù onígi gbá igun tó gùn wọlé díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ mú páálí ìṣáná, ẹ yọ inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ tẹ igun rẹ̀. Kíá ni yóò dàgẹ̀rẹ̀, torí pé ohun onígun mẹ́rin kò ní ohun tó ń dì í mú ju igun rẹ̀ lọ. Tábìlì tí kò ní ju ẹsẹ̀ àti igi ìdábùú lọ, irú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá fi igi kan gbá a láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, ó di onígun mẹ́ta méjì, kò sì sí ibi tó lè dàgẹ̀rẹ̀ sí mọ́ àfi kí igi náà ṣẹ́. Mo fi irú igi bẹ́ẹ̀ méjì sí ẹ̀yìn tábìlì, tí wọ́n kọjá lára wọn, mo sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iwájú nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi. Owó igi mẹ́rin yìí kò tó nǹkan kan, mẹ̀línà lásán ni mo fi ṣe wọ́n, síbẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n pa mímì náà. Bí owó bá kéré lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó dín ẹwà orí tábìlì kù, kí ó má fọwọ́ kan àwọn igi yìí.

Lẹ́yìn náà ni mo dè é mọ́ ògiri. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6 ni ògiri ìsọ̀ mi, inú irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ ṣófo. Ohun tí a bá kàn mọ́ ọn yóò di mú lónìí, yóò sì fà yọ lọ́la. Mo ra irin gígùn tí wọ́n ti yọ eyín sí lára látòkè délẹ̀, mo gé e sí méjì, mo lu ògiri já, mo sì ti irin náà jáde sí ẹ̀yìn ilé. Níta, mo fi irin pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ nọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, kí ó lè di ibi tó fẹ̀ mú lára ògiri, mo wá fi sìmẹ́ńtì bò ó nítorí òjò.

Orí tábìlì rọrùn. Pákó ìrókò oní-íǹṣì 2 ni mo tò sórí rẹ̀, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn torí pé pákó máa ń wú ní ìbú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. N kò fi fọ́níìṣì kankan sí i. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ni yóò kùn ún fúnra rẹ̀.

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ibi tí fáìsì jókòó sí ni orí tábìlì yìí, mo sì fi pákó kejì sí abẹ́ ibẹ̀ kí ó lè nípọn ní íǹṣì 4. Orí ẹsẹ̀ iwájú ní apá ọ̀tún gan-an ni mo gbé e sí, kí òòlù tó bá lù ú lè gba inú ẹsẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tààrà. Bí ẹ bá gbé e sí àárín méjì ẹsẹ̀, pákó á máa ta bí ẹ ti ń lù ú. Mo sì fà á síwájú títí ẹnu rẹ̀ ti inú fi yọ díẹ̀ kọjá etí tábìlì. Báyìí, bí mo bá fi ṣáàfù gígùn sí i ní òòró, ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ láìkan igi. Bóòtù 19 mẹ́rin ni mo fi dè é, wọ́n la orí tábìlì já, irin pẹlẹbẹ sì gbà wọ́n nísàlẹ̀.

Ìdí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo rì sínú kọ̀ǹdẹ́mù ọ́ìlì kí wọ́n mu ún yó nítorí ikán, mo sì gbé wọn lé orí sìmẹ́ńtì tí mo rọ, kí omi má baà máa gun igi.

Ní ìsàlẹ̀, mo tẹ́ pákó sórí igi ìdábùú, mo wá kó gbogbo irin wúwo tó wà nílẹ̀ sí i: púlì àtijọ́, fúláíwíìlì, ẹ́ńjìnì tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ibi ìkẹ́rùsí ni, àmọ́ ìwúwo yẹn gan-an ni mo fẹ́. Tábìlì tó wúwo nísàlẹ̀ kì í fẹ́ gbéra.

Obìnrin aránṣọ tó wà ní ìsọ̀ kejì rí i, ó ní kí n bá òun kan irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó fi ń tẹ bọ́tìnnì, èyí tí à ń fi ọwọ́ fa irin rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní, “Ìyá Bísí, tiyín yàtọ̀ díẹ̀ o.” Bí ènìyàn bá ń fa irin gígùn wálẹ̀ níwájú tábìlì, ńṣe ni ẹ̀yìn tábìlì máa ń fẹ́ gbéra. Nítorí náà dídè mọ́ ògiri àti ẹrù ìsàlẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù fún un, òòlù kò sí nínú tirẹ̀. Ìṣòro kan náà ni ti àwọn ọlọ́dẹ ní Amẹ́ríkà tó ń di ọta ìbọn fúnra wọn: ẹ̀rọ onírin-fífà ni wọ́n ń lò, wọ́n sì máa ń fi bóòtù dè é mọ́ tábìlì tó ki, kí ọwọ́ wọn lè máa tẹ ọta kọ̀ọ̀kan bákan náà. Mo kan ti Ìyá Bísí kúrú díẹ̀ torí pé orí àga ló ti ń ṣiṣẹ́, mo fi àpò iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ torí pé kò ní irin bíi tèmi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo mú sípánà 17, mo yí gbogbo nọ́ọ̀tù férémù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti ìrókò àlòkù kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Àwọn igi mẹ̀línà tó dàgẹ̀rẹ̀ yẹn ló gbẹ sí i, mo fún nọ́ọ̀tù wọn díẹ̀ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá láti ìlú Orù.