Ìpàtẹ Ojú Gíláàsì Tí Kò Fa Oníbàárà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ní Ṣọ́ọ̀bù Kékeré

Ọwọ́ àwọn tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré onígíláàsì létí títì nílùú Ìbàdàn ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti wá, àwọn tó máa ń pààrọ̀ ìpàtẹ wọn bí ọdún tàbí àsìkò kan bá ń bọ̀.

Ìbéèrè: Mo pàtẹ aṣọ òkè àti léèsì nítorí ọdún Iléyá, owó tí mo ná lé e kò sì kéré. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ara rẹ̀ àti ọkọ̀ tó ń kọjá nìkan ni ẹni tó bá dúró níta ń rí nínú gíláàsì.

Ìdáhùn: Ìṣòro náà kò sí lára aṣọ yín rárá. Nígbà tí ìta bá mọ́lẹ̀ ju inú ṣọ́ọ̀bù lọ, gíláàsì yóò di díńgí, ohun ọ̀ṣọ́ yòówù tí ẹ bá sì rà kún un, owó ṣòfò ni. Ìbòòji ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ẹ jẹ́ kí wẹ́dà so páànù tàbí tàpólì mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ó yọ jáde tó láti ṣíji bo gíláàsì náà àti ibi tí ènìyàn ń dúró sí wò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo aṣọ tí ẹ fi bo ẹ̀yìn ìpàtẹ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò fẹ́ràn dúdú nítorí pé ó ń gbé ọjà yọ. Òótọ́ ni lálẹ́, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ibi dúdú ni àwòrán ìta ti máa ń hàn jù lára gíláàsì. Funfun tàbí àwọ̀ mìíràn tó mọ́lẹ̀ sàn jù. Ẹ sún ọjà mọ́ gíláàsì, ẹ sì so gílóòbù LED kéékèèké mélòó kan mọ́ òkè níwájú, kí ojú wọn kọ sí aṣọ, kí ó má kọ sí títì. Mo fi gílóòbù sí ìparí nítorí pé kò sí èyí tó lè bá oòrùn ọ̀sán figagbága. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kọjá sí òdìkejì títì ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, kí ẹ wò ó láti ibẹ̀.

Ìbéèrè: Àdìrẹ tí mo gbé síwájú ti ṣá, ó sì ṣá ní ìlà-ìlà.

Ìdáhùn: Oòrùn ló ṣe é, àwọn ìlà yẹn ni ibi tí ìṣẹ́po aṣọ ti yọ síta. Gíláàsì lásán kì í dá gbogbo ìtànṣán tó ń ba àwọ̀ jẹ́ dúró. Rọ́bà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì lè dín in kù, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí gan-an náà ń jẹ aró. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ má gbé sányán tàbí àlàárì síbẹ̀, bó ti wù kí ó wuyì tó. Ẹ lo ègé tó ṣẹ́kù lára ìgàn, kí ẹ sì máa tún un ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá ti ṣá, ẹ dín owó rẹ̀ kù, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á.

Ìbéèrè: Mo gbé àwòrán àgbò, ìlù, òdòdó àti oríṣiríṣi aṣọ sójú gíláàsì, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò mọ̀ pé Iléyá ni mo ń pàtẹ fún.

Ìdáhùn: Ẹ kó púpọ̀ nínú wọn kúrò. Ẹni tó ń kọjá, yálà ó ń fẹsẹ̀ rìn ni tàbí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò ní tẹjú mọ́ gíláàsì yín pẹ́, nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni kí ojú rẹ̀ bà lé. Ẹ wo àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá: aṣọ kan náà tí regbéregbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà) kọ̀ọ̀kan wọ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Ẹ wọ agbádá fún ère ìpàtẹ aṣọ kan, ẹ wọ ìró àti bùbá fún èkejì, kí ti ọmọdé wà láàárín, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan. Fìlà àti gèlè nìkan ni kí ó yàtọ̀. Àgbò yẹn, ẹ gbé e sílé.

Àkókò náà ṣe kókó. Òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ló sì fi máa ń yá ju ti èṣí lọ. Bí aṣọ tí a kò tíì rán lẹ ń tà, ẹ pàtẹ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, nítorí pé bí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ti kún ọwọ́ télọ̀ (bí ó bá tilẹ̀ gbà á, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí). Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí fìlà, bàtà àti aṣọ ọmọdé tí a ti rán tán rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Lásìkò òjò, omi máa ń sun lójú gíláàsì mi.

Ìdáhùn: Bí omi náà bá wà lójú ìta, ẹ̀rọ amúlétutù yín ló mú gíláàsì tutù jù, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ìta sì ń di omi lára rẹ̀. Ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ náà kúrò lọ́dọ̀ gíláàsì, kí ẹ sì dín òtútù rẹ̀ kù.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè pàtẹ fún Kérésìmesì láìlo òwú yìnyín, nígbà tí iná kì í dúró?

Ìdáhùn: Yìnyín kì í bọ́ ní Ìbàdàn. Ọyẹ́ ló ń fẹ́ ní Oṣù Kejìlá, òwú yẹn a sì máa gba eruku títí yóò fi pọ́n. Ẹ lo ohun tí ọyẹ́ ń béèrè: ìbòrùn àti aṣọ tó nípọn, ní àwọ̀ pupa àti ewéko, kí ẹ sì máa nu gíláàsì láràárọ̀. Ní ti iná, okùn gílóòbù LED tó ń lo bátìrì ti tó láti ìrọ̀lẹ́ títí ẹ ó fi ṣíwọ́. Ẹ má gbé àbẹ́là sítòsí aṣọ. Èyí tó bá ń lo iná ìjọba, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé bí iná bá padà dé lóru, agbára rẹ̀ lè pọ̀ jù.