Ẹ Má Fi Yìnyín Bẹ̀rẹ̀: Àṣìṣe Àwa Tí À Ń Pọn Bíà Nílé ní Èkìtì

Ẹ̀yìn iná ni bíà tí à ń pọn nílé ti máa ń bàjẹ́ níbí, nígbà tí ẹni tó pọn ọ́n rò pé iṣẹ́ ti tán. Lítà 20 omi ọkà báálì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán wà nínú ìkòkò, ó sì ní láti tutù dé nǹkan bíi dígírì 20 kí yíìsì tó wọ inú rẹ̀. Lóṣù kẹta, ní Adó, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí dígírì 20?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó kó gbogbo yìnyín ilé sínú bàfù, a ó gbé ìkòkò gbígbóná kà á lórí. Èmi náà ti ṣe é rí. Omi inú ọ̀rá tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan dì sínú fírísà yọ́ tán lójú mi, ìkòkò ṣì ń jó mi lọ́wọ́. Ìgbà tí mo jókòó ṣírò ẹ̀ ló tó yé mi. Kí lítà 20 tó ti 100 bọ́ sí 20, yóò jẹ yìnyín bíi kìlógíráàmù 16. Bí omi kànga bá ti kọ́kọ́ fà á wálẹ̀ dé 35, bíi kìlógíráàmù 3 péré ló kù. Omi kànga ni kó ṣe làálàá náà. Ìgbẹ̀yìn là ń pe yìnyín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo máa ń pààrọ̀ omi bàfù kí n tó ṣí fírísà, omi àkọ́kọ́ sì máa ń gbóná débi pé òun ni mo fi ń fọ abọ́.

Ẹ má lo omi táǹkì dúdú tó ti ń yá oòrùn látàárọ̀. Kò sí omi tó lè mú nǹkan tutù ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fa omi kànga, tàbí kí ẹ dáná lóru kí ìkòkò lè sọ̀ ní ìdájí. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: omi àárọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mú ọwọ́ kú tipiri.

Ẹ má sì fi ìkòkò sílẹ̀ láìrò. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì mọ bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe ń pàdé, tí kálukú ṣì ń ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni inú ìkòkò rí: etí á ti tutù, àárín á ṣì máa hó yaya. Ṣíbí tí ẹ ti bọ̀ sínú omi híhó ni kí ẹ fi rò ó.

Ti ọmọrí ńkọ́? Tó bá ń hó, ẹ má dé e pa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bíà á máa rùn bí àgbàdo bíbọ̀. Àmọ́ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá 60, ẹ tètè dé e. Kòkòrò tó ń mú omi ògì kan kì í dúró de ìpè. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí n kò fi lè ju ọ̀rá omi dídì sínú ọtí fúnra rẹ̀. Ta ló mọ ọwọ́ tó ti di ọ̀rá náà mú?

Páìpù bàbà tí wọ́n ká bí ejò, tí a ń kì bọ inú ìkòkò kí omi tútù máa gba inú rẹ̀ kọjá, wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, ó sì dára, ṣùgbọ́n tuntun ni kí ẹ rà. Èyí tí gáàsì àti ọ́ìlì ti gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tó burú jù: ó rẹ̀ yín, òru ti jìn, ẹ wá da yíìsì sí i ní 40. Yíìsì tí 20 bá lára mu, tó bá ṣiṣẹ́ ní òkè 30, ọtí rẹ̀ á máa ta ọ̀fun, orí á sì fọ́ yín lọ́jọ́ kejì. Ó sàn kí ẹ da omi náà ní gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì tó nípọn, èyí tí wọ́n kọ 2 sínú àmì onígun mẹ́ta nídìí rẹ̀, kí ẹ dé e pinpin títí dọ̀la. Ọ̀pọ̀ ará Ọsirélíà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìgò ńkọ́? Rárá o, á là.

Tàbí kí ẹ wá kveik, yíìsì àwọn àgbẹ̀ Nọ́wè, tí 30 sí 40 bá lára mu. Òun ni mò ń lò báyìí láti oṣù kejì títí òjò á fi dé.