Bí a ṣe ń tọ́jú àká kóòdù tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò

Èmi ni mò ń tọ́jú àká Git tí àwa mọ́kànlá jọ ń kó kóòdù sí. (Git ni ètò tó ń pa gbogbo àyípadà inú kóòdù mọ́.) Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà nídìí ẹ̀, ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi jù kì í ṣe ti kóòdù rárá. Ẹjọ́ ta ló ni fáìlì ni.

Ẹ má ṣe sọ fódà tí ẹnì kan ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ di àká gbogbogbò. Ẹ dá àká tuntun tí kò ní fáìlì iṣẹ́ kankan nínú (`--bare` nìyẹn) sílẹ̀ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo yín jọ ń lò:

`git init --bare --shared=group ise.git`

`--shared=group` yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà lórí sáfà lè kọ nǹkan sínú àká. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á push, ìyẹn ni pé á fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sínú àká, á wọlé. Ẹnì kejì á push, á bá "insufficient permission for adding an object to repository database" pàdé, ìyẹn ni pé kò ní àṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀. Inú `objects` ni Git ń to gbogbo nǹkan sí, nínú àwọn fódà kéékèèké tó ń fi àmì méjì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn sọ lórúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá fódà kan sílẹ̀ ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí push fi ń wọlé lónìí tó sì ń kọ̀ lọ́la, táwọn èèyàn á máa bú íntánẹ́ẹ̀tì. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Bó bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, kí alábòójútó sáfà wọ inú àká náà, kó tẹ àṣẹ mẹ́rin yìí tẹ̀ léra (`kodu` ni orúkọ ẹgbẹ́ tiwa):

`git config -f config core.sharedRepository group`
`chgrp -R kodu .`
`chmod -R g+rwX .`
`find . -type d -exec chmod g+s {} +`

Ẹ má fi ìkẹrin sílẹ̀. Òun ló ń mú kí fódà tuntun jogún ẹgbẹ́ èyí tó bí i. Mo fi í sílẹ̀ rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹjọ́ náà fi padà wá. `chmod 777` ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí i. Ó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tó bá lè wọ sáfà lè pa gbogbo iṣẹ́ yín rẹ́.

Ó ku `push --force`, èyí tó ń fi ipá gbé tẹni rọ́pò ohun tó wà nínú àká. Àká tí a bá fi `--shared` dá sílẹ̀ máa ń kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àká wa àtijọ́ kò ní ààbò yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan fi ipá push sórí `main`, olórí ẹ̀ka kóòdù wa, iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta sì di àwátì. Àyà mi já. Kọ̀ǹpútà ẹni tó push kẹ́yìn kó tó ṣẹlẹ̀ ló yọ wá. A tẹ `git reflog show origin/main` níbẹ̀ (reflog ni àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ̀ka kan ti wà rí), a rí commit tó sọnù, ìyẹn àyípadà tí a ti fi pa mọ́ sínú Git, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ni `4e1c9ab`, a sì gbé e sí ẹ̀ka tuntun tí a pè ní `igbala`:

`git push origin 4e1c9ab:refs/heads/igbala`

Ọjọ́ náà ni mo tan ohun méjì yìí lórí sáfà, nítorí àká `bare` kì í tọ́jú reflog àyàfi tí a bá ní kó ṣe é:

`git config receive.denyNonFastForwards true`
`git config core.logAllRefUpdates true`

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni reflog máa ń tọ́jú commit tí ẹ̀ka kankan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, bí ẹ kò bá yí i padà. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá sọnù, kí ẹnikẹ́ni má tẹ `git gc --prune=now`, èyí tó ń pa ohun tí nǹkan kan kò tọ́ka sí mọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí páásíwọ́ọ̀dù bá bọ́ sínú commit, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà. Ẹni tó ti ṣe clone, ìyẹn ẹni tó ti da àká kọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ti ní in lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yíyọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣì lè dúró.

Ní ti ẹ̀dà ìpamọ́, `git clone --mirror` ni mò ń lò, mo sì máa ń tẹ `git fsck --full` nínú àká kí n tó ṣe é, láti wò bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé mirror á da àṣìṣe kọ bí ẹ bá ń fi tuntun sórí ọ̀kan ṣoṣo, torí náà mo ń tọ́jú méje, ọjọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lóṣooṣù, mo máa ń mú ọ̀kan nínú wọn, màá ṣe clone rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, màá sì wò ó bóyá kóòdù inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.