Wọ́n Ti Yọ Iṣan Inú Eyín Mi, Ó Ṣì Ń Jó

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ṣe root canal sí eyín ńlá ẹ̀yìn mi lókè lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ṣì ń ta mí bíi pé wọ́n fi ata rodo pa á lára. Ibi tí mo ti ṣe é ní kò sí nǹkan kan mọ́, wọ́n ti kó iṣan inú rẹ̀ kúrò. Màmá mi ní kí n lọ yọ ọ́ dànù, kí gbogbo ilé sinmi. Díẹ̀ ló kù kí n gbọ́ tiwọn.

Mo ra ìwé kékeré bíi ti ọmọ iléèwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́: aago tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mò ń ṣe, bó ṣe pẹ́ tó. Omi tútù ni mo fura sí tẹ́lẹ̀, ìwé sì já irọ́ mi. Omi tútù kò ṣe é ní nǹkan, ọkà láfún gbígbóná náà kò ṣe é. Atẹ́gùn ni! Bí mo bá gun ọ̀kadà láti Takie lọ sí Ọjà Ìgbò, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí atẹ́gùn lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó di jíjó nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í jí mi lóru, bẹ́ẹ̀ òru ni eyín dídùn sábà máa ń le jù.

Mo gbé ìwé náà lọ bá dókítà eyín mìíràn n'Ìbàdàn. Wọ́n kà á tán kí wọ́n tó ní kí n la ẹnu. Wọ́n ya X-ray: rọ́bà tí wọ́n fi dí àwọn ihò tí wọ́n ti kó iṣan kúrò dé òpin gbòǹgbò, kò sí àbàwọ́n dúdú tó ń fi àrùn hàn nídìí rẹ̀. Eyín yìí sábà máa ń ní ihò kẹrin tó ń fara pamọ́; wọ́n wá a, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi rọ́bà dí òun náà. Wọ́n fi ìdí dígí kékeré wọn kan eyín náà kó, kó, kó. Kò dùn mí. Wọ́n wá fi òwú lásán ra èrìgì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fò sókè lórí àga.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Eyín kọ́ ló ń ké, iṣan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, ni."

Wọ́n ní bí wọ́n bá yọ eyín náà, ìrora lè jókòó sójú ihò tó fi sílẹ̀.

Amitriptyline 10 mg, oògùn tí wọ́n máa ń lò fún ìrora iṣan, ni wọ́n kọ fún mi, ẹyọ kan lálẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu gbígbẹ àti oorun àárọ̀ nìkan ni mo rí gbà. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò tíì lọ tán. Ọyẹ́ ti dé báyìí, ìborùn Màmá ni mo fi ń wé ẹ̀rẹ̀kẹ́ gun ọ̀kadà, wọ́n sì ń bi mí ìgbà tí mo máa yọ eyín náà.