Táńkì epo pikọ́ọ̀pù àtijọ́: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀

Pikọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ láyé ṣì pọ̀ lójú títì wa. Hilux ẹlẹ́ńjìnì 22R wà tó ṣì ń kó iṣu wọ Ìbàdàn, Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná náà wà tó ń kó sìmẹ́ǹtì kiri bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Ẹ́ńjìnì wọn kì í tètè kú. Irin abẹ́ wọn ló máa ń kọ́kọ́ lọ, táńkì epo sì wà nínú rẹ̀. Omi inú epo á sọ̀kalẹ̀ sídìí táńkì, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ láti inú, ẹrẹ̀ òpópónà á máa bá a ṣe é láti ìta. Kí ọlọ́kọ̀ tó mọ̀, fílítà ti ń dí lemọ́lemọ́, agbára ọkọ̀ ń rẹlẹ̀ lórí òkè, epo sì ń kán síbi tí wọ́n páàkì sí.

Lójú ẹni tó ń wò ó, iṣẹ́ náà kò le: tú bóòtù mélòó kan, gbé ti àtijọ́ sọ̀kalẹ̀, gbé òmíràn gòkè. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ka táńkì sí garawa tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n táńkì ń mí, ó ní wáyà, ó níbi tí epo ń gbà jáde àti ibi tó ń gbà padà, nǹkan tó wà nínú rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí. Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó bí garawa ni wọ́n ti ń wá.

Ẹ má gbé táńkì "tó ti gbẹ" lọ fún wẹ́dà

Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn kì í ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ náwó á tú táńkì tó ń jò, á da epo inú rẹ̀ jáde, á fi omi ọṣẹ ṣàn án, á sá a sóòrùn títí di ọ̀sán, á wá gbé e dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà pé ó ti gbẹ.

Kò gbẹ. Bẹntiróòlù tó jẹ́ olómi kọ́ ló ń gbiná, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ yẹn kò sì ní láti pọ̀. Bó bá ti wà láàárín nǹkan bí ìdá 1.4 sí ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà nínú táńkì, iná kékeré tó ta pàrà ti tó láti fọ́ ọ yángá. Táńkì tó kún fọ́fọ́ kò láyè fún irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo rẹ̀ nù gan-an ló ní in, ìdí nìyí tí táńkì òfo fi léwu ju èyí tó kún lọ. Bẹntiróòlù máa ń tú afẹ́fẹ́ yìí sílẹ̀ kódà nínú òtútù tó fi nǹkan bí ìwọ̀n 40 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì rẹlẹ̀ ju òdo lọ, ká má tíì wá sọ ti oòrùn ọ̀sán wa.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé epo máa ń fara pamọ́ sínú ìpẹtà àti sáàárín ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ irin pọ̀. Omi ọṣẹ kì í dé ibẹ̀. Àfìgbà tí iná wẹ́dà bá mú irin gbóná ni epo tó sá pamọ́ á tó jáde, á sì bá iná náà pàdé nínú táńkì. Táńkì tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti bú gbàmù báyìí mọ́ ẹni tó ń jó o lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń gbà ṣe é wà: wọ́n á fi omi gbígbóná tó ń ru èéfín fọ inú rẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá rọ omi kún un títí kó fi ku ìwọ̀nba àyè tí wọ́n fẹ́ jó, tàbí kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ tí kì í gbiná lé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó fi í sílẹ̀. Ní tèmi o, táńkì tí ìpẹtà ti jẹ débi pé ó ń jò kò tọ́ sí jíjó rárá. Bí ẹ bá dí ihò kan lónìí, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ló máa gbà yọ lóṣù tó ń bọ̀. Ọṣẹ líle tí àwọn awakọ̀ máa ń fi dí i lójú ọ̀nà, kí ọkọ̀ ṣáà lè délé ni. Kì í ṣe àtúnṣe.

Nígbà tí ẹ bá ń fa epo jáde

Ẹ má fi ẹnu fà á. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ti rí ẹni tó ń fi ẹnu fa epo nínú họ́ọ̀sì, pàápàá nígbà tí epo bá wọ́n. Bí bẹntiróòlù bá gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti dá àìsàn ńlá sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ìka sí i lọ́fun kó lè bì. Nígbà tó bá ń bì í ni epo náà á tún ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ kò wọ́n, òun ni kí ẹ fi fa epo jáde.

Afẹ́fẹ́ epo wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rìn mọ́ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ń tú táńkì lórí kòtò tí mẹkáníìkì máa ń wọ̀ láti rí abẹ́ ọkọ̀, inú kòtò yẹn ló ń kó afẹ́fẹ́ iná jọ sí. Ìta gbangba ló yẹ iṣẹ́ yìí, kí jẹnẹrétọ̀, síga àti iná àdògán oníṣu sísun wà lọ́nà jíjìn. Ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Kí ẹ̀rọ apaná oní-páúdà tí àwọn Road Safety máa ń béèrè wà nítòsí, kó sì jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Omi kì í pa iná bẹntiróòlù, ńṣe ni epo á léfòó lórí rẹ̀, tí iná á sì máa bá omi náà ṣàn lọ.

Ìwọ̀n ẹrù náà tún wà níbẹ̀. Lítà bẹntiróòlù kan ń lọ sí nǹkan bí kílò 0.75, bí lítà 50 bá wà nínú rẹ̀, ẹrù tó sún mọ́ kílò 38 ni, láìka irin táńkì fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni epo máa ń ṣàn sí bí bẹ́líìtì irin tó dì í mú bá ti já. Ẹ fa epo tán kí ẹ tó tú u, ẹ sì fi pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín jáàkì àti táńkì.

Táńkì tókùnbọ̀ tó "jọ ọ́"

Ní ọjà Ládìípọ̀ ní Èkó tàbí Àrárọ̀mí ní Ìbàdàn, wọ́n á gbé táńkì kan jáde fún yín pé ti Hilux ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣé ti Hilux oníkabúrétọ̀ ni, àbí ti EFI (èyí tó ń fi nọ́súlù oníná fín epo sínú ẹ́ńjìnì dípò kabúrétọ̀), àbí ti dísẹ́ẹ̀lì? Táńkì ọkọ̀ EFI ní ojú ihò ńlá lórí fún pọ́ǹpù tó ń gbé inú epo, ó sì ní ọ̀nà tí epo ń gbà padà wálé. Oníkabúrétọ̀ lè má ní ojú ihò pọ́ǹpù yẹn rárá. Ẹni tó bá dí ọ̀nà ìpadà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń lò nítorí pé táńkì tuntun kò ní in, á máa yà á lẹ́nu pé ọkọ̀ ń mu epo, ó sì ń tú èéfín dúdú.

Ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ẹ kó àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo ihò bóòtù, ọ̀fun táńkì, iye páìpù tó yọ lórí. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wo inú rẹ̀, kì í ṣe láítà tí wọ́n fi ń tan síga. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi gbogbo agbára kọ̀ḿpúrẹ́ṣọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Atẹ́gùn tí kò ju nǹkan bí 2 psi lọ (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà) ti tó, pẹ̀lú ọṣẹ tó hó lára rẹ̀. Táńkì kì í ṣe táyà.

Ọ̀nà atẹ́gùn tí wọ́n dí pa

Bí mo bá ní kí n mú àṣìṣe kan tó ń jẹ owó èèyàn jù, èyí ni mo máa mú. Bí epo ṣe ń jáde nínú táńkì, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé dípò rẹ̀. Táńkì àtijọ́ mìíràn ń gba ìdérí rẹ̀ mí, òmíràn ní họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí fún un. Nígbà ìpààrọ̀, mẹkáníìkì tó ń kánjú á rí họ́ọ̀sì náà, kò ní mọ iṣẹ́ rẹ̀, á fi bóòtù dí i lẹ́nu. Tàbí kí ọlọ́kọ̀ ra ìdérí tó mọ́ra tó sì ní kọ́kọ́rọ́, tí kò ní ihò kankan, fún táńkì tó jẹ́ pé ìdérí ló fi ń mí.

Ọkọ̀ á jáde dáadáa láàárọ̀. Bó bá rìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́, á kú. Wọ́n á dúró, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fọwọ́ kan èyí, fọwọ́ kan tọ̀hún, á sì jí. Lọ́la á tún ṣe é. Wọ́n á pààrọ̀ pọ́ǹpù, wọ́n á pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n á fọ kabúrétọ̀, owó á máa lọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: bó bá kú, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bí ẹ bá gbọ́ tí atẹ́gùn fà wọlé fìì, tí ọkọ̀ sì ta lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà atẹ́gùn ló dí. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, irin táńkì fúnra rẹ̀ á fún pọ̀.

Họ́ọ̀sì, kílíìpù, wáyà áàtì

Họ́ọ̀sì omi rédíétọ̀ kì í ṣe họ́ọ̀sì epo, bẹntiróòlù á mú un rọ̀, á sì yọ́ ọ láti inú. Pọ́ǹpù ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ kì í tì ju nǹkan bí 3 sí 6 psi lọ, ti EFI ń lọ sí 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára họ́ọ̀sì: 30R7 dára fún kabúrétọ̀, 30R9 ni ti EFI, èyí tó máa rì sínú epo nínú táńkì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 30R10. Èyí tí kò bá ní àkọlé kankan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Wáyà áàtì, èyí tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀, ni rewáyà máa ń gbàgbé jù. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn sára táńkì tàbí rọ́bà tí wọ́n fi sáàárín rẹ̀ àti ṣáásì lè gé áàtì géèjì, tí géèjì á fi máa purọ́. Ẹ fa wáyà láti ara táńkì lọ sórí ṣáásì tó mọ́. Bí ẹ bá lo fúlóòtì ọkọ̀ mìíràn (ohun tó ń léfòó nínú epo tó ń sọ fún géèjì iye tó kù), géèjì tún lè ka epo sódì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn gbangba nínú pikọ́ọ̀pù àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà: fúlóòtì Chevrolet máa ń ka òdo ohm (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó) bí táńkì bá ṣófo, 90 bó bá kún. Ti Ford ìgbà náà ń ka 73 bó bá ṣófo, 10 bó bá kún. Ẹ fi ti ọ̀kan sínú èkejì, géèjì á ní epo kún nígbà tí ẹ fẹ́ gbẹ sójú ọ̀nà.

Táńkì ńlá tí wẹ́dà rọ

Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lọ́dún 2023, àwọn kan ń fẹ́ táńkì tó gba ìlọ́po méjì, kí wọ́n lè rà á pa mọ́ nígbà tó bá wà. Kò wù mí. Irin páànù tí wọ́n fi síńkì bò ló máa ń wà lọ́wọ́ wẹ́dà, síńkì kì í sì í bá dísẹ́ẹ̀lì rẹ́. Á yọ sínú rẹ̀, á di ìdọ̀tí tó ń dí nọ́súlù. Táńkì ńlá tí kò ní irin ìdábùú nínú, epo inú rẹ̀ á máa bì síwá bì sẹ́yìn, á sì máa fa ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà níbi kọ́nà.

Ibi tí wọ́n á gbé e sí tún ń kọ́? Ẹ̀gbẹ́ òde ṣáásì ni àyè máa ń wà. Ibẹ̀ náà ni General Motors gbé táńkì sí lára pikọ́ọ̀pù C/K rẹ̀ láti 1973 sí 1987, ẹjọ́ àwọn tí iná jó nígbà tí ọkọ̀ kọlù wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì gbá kiri Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá ko ìjàngbọ̀n níbẹ̀, kí ni ti táńkì tí wọ́n rọ lábẹ́ igi máńgòrò? Ẹni tó bá sì ń ná Ìdìròkò tàbí Sẹ̀mẹ̀, kó mọ̀ pé táńkì àrọ̀dábàá ni àwọn aṣọ́bodè máa ń kọ́kọ́ fura sí pé epo fàyàwọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá so táńkì tuntun tán, ẹ má rọ epo kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Lítà mẹ́wàá ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ ta ọkọ̀, kí ẹ wo gbogbo ojú họ́ọ̀sì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ibi kankan kò bá tutù, ẹ wá rọ ọ́ kún, kí ẹ tún wo òkè táńkì àti ọ̀fun rẹ̀, torí pé ibẹ̀ kì í jò àfi tó bá kún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ fún bóòtù bẹ́líìtì irin rẹ̀ le lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì tún pààrọ̀ fílítà, nítorí ìdọ̀tí tí páìpù àtijọ́ á tú sílẹ̀.